Ríìlì Karùn-ún Ló Kọ́kọ́ Dé

Bí Bàbá Kéréènì bá ti gbé tìmùtìmù rẹ̀ sábẹ́ apá tó sì jáde láìsọ̀rọ̀, fíìmù náà ti kú nìyẹn. Kò sí pátákó ìpolówó tó lè jí i, kò sì sí gbohùngbohùn tó lè kéde rẹ̀ yí ká àdúgbò Bándárì kí ogún èèyàn padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Ní gbọ̀ngàn sinimá wa ní Ajégúnlẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1980, bàbá àgbà yìí ni adájọ́. Èmi tí mò ń fi fíìmù hàn wà lókè nínú yàrá maṣíìnì, mo sì máa ń yọjú láti fèrèsé kékeré wo èjìká rẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó sá aṣọ síta tó ń wo ojú ọ̀run.

Iṣẹ́ kéréènì ló ṣe ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Òun ló máa ń jókòó sínú ẹ̀rọ gíga yẹn, tí yóò máa gbé ẹrù jáde láti inú ọkọ̀ òkun sílẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tán, ó sọ sinimá wíwò di iṣẹ́. Bẹ́ǹṣì pákó ni tiwa, bàbá ò sì fẹ́ kí pákó jẹ òun nídìí, ìyẹn ló fi máa ń gbé tìmùtìmù pupa kan wá láti ilé. Ìjókòó iwájú, lẹ́bàá ojú ọ̀nà, ibẹ̀ ni tirẹ̀. Àlejò tó bá ṣèèṣì jókòó síbẹ̀, àwọn ará ẹ̀yìn ni yóò lé e dìde kí bàbá tó dé.

Bí fíìmù bá parí tí iná gbọ̀ngàn tàn, kò sẹ́ni tó ń dìde. Gbogbo èèyàn á máa dúró de bàbá. Á bọ́ awò ojú rẹ̀, á fi etí bùbá nù ún, á wá sọ èrò rẹ̀. Tó bá ní, "Ẹ padà wá lọ́la, kẹ́ ẹ sì mú ẹnìkan dání," ọkàn wa á balẹ̀. Tó bá dákẹ́ tó nawọ́ sí tìmùtìmù, kí ẹni tó ni fíìmù yáa kó agolo fíìmù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn.

Fíìmù tó fẹ́ràn jù ni èyí tó dá lórí ayé àtijọ́, tí ìbọn ń dún, tí àwọn ìgárá ọlọ́ṣà ń lé ara wọn kiri. Irú rẹ̀ náà ló sì le sí jù, torí ó ní ojú òun ni ayé ọ̀hún ṣe. "Ọlọ́pàá ìgbà náà, ṣòkòtò péńpé ni wọ́n ń wọ̀," á wí sókè nígbà tí fíìmù ṣì ń lọ, "ta ló wá rán gígùn fún eléyìí?" Gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín. Fíìmù kan wà tó pa nítorí pé olè ayé òyìnbó wọ sílípáàsì onírọ́bà. Ó ní olè tó lè wọ bàtà tí wọn ò tíì ṣe, òun ò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rù rẹ̀.

Mọ̀ríámọ̀ lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Sístà Ọpurétọ̀ ni Ajégúnlẹ̀ mọ̀ mí sí. Ọpurétọ̀ là ń pe ẹni tó ń darí ẹ̀rọ sinimá. Ìsẹ́yìn làwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi hun aṣọ òfì kó tó wá di awakọ̀ tírélà tó ń gbé ọkọ̀ sí ibùdókọ̀ Kókónọ́ọ̀tù ní Àpápá, ìdí òfì rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so òwú tó já tí ojú rẹ̀ ò fi ní hàn. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mo bá dé sinimá. Èèpo ẹ̀pà ni mò ń gbá lábẹ́ bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Ébí rí mi tí mò ń so okùn ìgbálẹ̀ tó tú.

Ọ̀gá Ébí ni ọpurétọ̀ àgbà. Yorùbá kọ́ ni, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ, àfi bí inú bá ń bí i tàbí tí inú rẹ̀ bá ń dùn, ìgbà yẹn ló máa ń bọ́ sí pijin. Ó wo okùn náà, ó pè mí gòkè, ó fún mi ní fíìmù tó já àti ìgò gọ́ọ̀mù kan, ó ní kí n so ó pọ̀. Nígbà tí mo so ó tán, ó fà á títí, kò já. Ó fi ìka tọ́ ojú ibi tí mo so, kò mọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹlòmíràn ni wọ́n gbà sídìí ìgbálẹ̀.

Ọ̀gá Ébí kọ́ mi tagbáratagbára. Ó máa ń ní kí n di ojú mi, kí n fi fíìmù sínú maṣíìnì láìwò ó, gba abẹ́ irin yìí, yípo eyín yẹn, kó sì jókòó dáadáa. Bí mo bá ṣì í, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun rẹ̀ lọ. Mo bínú sí i títí. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi nínú iṣẹ́ náà, ó sì ń wí i bí ẹni ń kirun: "Make white no show." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí fíìmù bá tán lórí maṣíìnì tí òmíràn ò bọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, aṣọ ńlá tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ á di funfun báláú. Bí Ajégúnlẹ̀ bá ti rí funfun yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ súfèé, wọ́n á ju bàtà, lẹ́yìn náà bẹ́ǹṣì ló kàn.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní maṣíìnì méjì. Fíìmù odidi kan kì í wà lójú kan, ríìlì mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n máa ń ká a sí, kálukú nínú agolo tirẹ̀ tó ní nọ́ńbà. Bí ríìlì kan bá fẹ́ẹ́ tán, àmì róbótó kan á ṣẹ́jú ní igun òkè aṣọ. Mo ti mọ̀ pé kí n tan maṣíìnì kejì nìyẹn. Bó bá tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, màá pa ti àkọ́kọ́, màá ṣí ti èkejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, adùn ìṣẹ́jú yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ mìíràn. Bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń rín nìkan nínú ooru lókè yẹn.

Ohun mìíràn tún wà táwọn èrò ìwòran ò mọ̀. Nígbà ọdún, fíìmù kan ṣoṣo ni gbọ̀ngàn méjì máa ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí ẹgbẹ́ òṣèré ló máa ń gbé fíìmù ara rẹ̀ kiri, kì í sì í ní ju ẹ̀dà kan lọ. Gbọ̀ngàn tó wà ní Ìjọra á bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú wa. Bí ríìlì bá ṣe ń tán lọ́hùn-ún, Sikírù tó ń gun alùpùpù á gbé e sínú agolo, á dì í mọ́ ẹ̀yìn, á sáré gba ọ̀nà Máríìnì Bíìsì wá bá wa ní Bándárì. Bí a ṣe ń gba ọ̀kan ni à ń dá ọ̀kan padà. Àjẹkù Ìjọra là ń jẹ, ṣùgbọ́n gbígbóná la ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀sán Iléyá ni. Wọ́n ti mú Ọ̀gá Ébí lọ sí Ìjọra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi nìkan máa dá maṣíìnì méjèèjì mú. Alhaji tó ni gbọ̀ngàn wa, ẹni tó tún ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Àpápá, dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá ọdún. Wọ́n ti fọ́ bẹ́ǹṣì fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú u. Àwọn tó ń kó pánlá wọlé láti òkè òkun ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní gbọ̀ngàn náà ṣe sítọ̀ tí àwọn á máa kó ẹja náà sí.

Ó ní, "Mọ̀ríámọ̀, bẹ́ǹṣì kan péré báyìí. Bí wọ́n bá tún fọ́ ẹyọ kan lónìí, pánlá ni mà á kó síbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, torí mo mọ̀ pé kò sí sinimá mìíràn ní gbogbo Èkó tó máa gbé maṣíìnì lé obìnrin lọ́wọ́. Bí gbọ̀ngàn yẹn bá di ilé pánlá, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ti parí, ìgbálẹ̀ ni mo tún padà sí.

Sàámù Èbúté ni wọ́n ń pe fíìmù ọjọ́ náà. Ayé ìgbà tí òyìnbó ń ṣàkóso ló dá lé. Sàámù ni olórí àwọn adigunjalè tó ń jí ẹrù ní etí omi Àpápá, ó pààyàn, ó sì ń ṣàánú tálákà, kò sẹ́ni tó lè mú un. Ládípọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ríìlì mẹ́fà ni. Ní ìkẹrin, Sàámù àti Ládípọ̀ jọ jẹun nínú àwo kan, Ládípọ̀ sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ tà á fún ọlọ́pàá. Ní ìkarùn-ún, ọlọ́pàá ká Sàámù mọ́ inú ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ní ìkẹfà, Ládípọ̀ di olówó, ẹ̀san sì ké sí i. Mo ti wò ó ní Ìjọra lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí ọpurétọ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ àlejò fíìmù tó fẹ́ fi hàn. Olórí ẹgbẹ́ òṣèré náà, tó fúnra rẹ̀ ṣe Sàámù, wà ní gbọ̀ngàn wa lọ́sàn-án Iléyá náà. Bàbá Ẹlẹ́ré là ń pè é. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń wo ẹ̀yìn orí Bàbá Kéréènì gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ń wò ó.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Àwọn kan dúró ti ògiri, àwọn ìyá gbé ọmọ tó wọ aṣọ ọdún lé ẹsẹ̀, òórùn ẹran díndín gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ríìlì kìíní lọ, èkejì lọ. Bàbá Kéréènì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ọkọ̀ òkun fara hàn. Ó ní irin tó wà lórí ọkọ̀ yẹn bá ìgbà mu. Inú mi dùn, mo fi ìka lu maṣíìnì bí ẹni ń lu àpótí. Mo gbé ríìlì kẹta síbẹ̀, mo ṣí maṣíìnì kejì sílẹ̀, mo sì ń retí ìkẹrin.

Sikírù gun àkàsọ̀ wá pẹ̀lú agolo kan, òógùn bò ó. Mo ṣí i. Márùn-ún ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Mo ní, "Ìkẹrin dà?"

Ó ní, "Ó já, Sístà. Ìparí rẹ̀ ni maṣíìnì jẹ mọ́ Ọ̀gá Ébí lọ́wọ́, ó já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọ̀gá ní kí gọ́ọ̀mù ṣì gbẹ. Èyí tó wà nílẹ̀ náà ni mo gbé wá."

Mo ní kó padà lọ dúró tì í, kó má sì wá láìgbé e. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, mo wo ríìlì kẹta lórí maṣíìnì. Ohun tó kù lára rẹ̀ kò nípọn ju ìka méjì lọ.

Mo dúró ságbedeméjì ẹ̀rọ méjèèjì, orí mi gbóná. Bí mo bá jẹ́ kó tán, funfun dé. Bí mo bá tan iná tí mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ẹni tó ní kí Ajégúnlẹ̀ ní sùúrù kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn yẹn, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí mo bá sì fi ìkarùn-ún sí i, Sàámù á kú kí wọ́n tó dalẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo rántí bàbá mi nídìí òfì. Bí òwú aláwọ̀ kan bá tán nígbà tí aṣọ wà lágbedeméjì, kì í dúró. Á mú òwú mìíràn hun lọ, nígbà tí wọ́n bá wá mú ti àkọ́kọ́ dé, á dá a padà, á sì jẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ ọnà tó ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà á máa yìn ín.

Àmì róbótó ṣẹ́jú ní igun aṣọ. Mo gbé ìkarùn-ún sínú maṣíìnì kejì láìwò ó, bí Ọ̀gá Ébí ṣe kọ́ mi, mo sì dúpẹ́ fún gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹ lórí mi. Ìkánjú ò jẹ́ kí n yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí kọjá tó. Nígbà tí mo ṣí i, nọ́ńbà náà, márùn-ún, hàn fìrí lára aṣọ kí àwòrán tó dé. Èèyàn tó ń bá ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ò lè rí i. Ṣùgbọ́n mo rí i tí Bàbá Kéréènì yíjú padà, tó gbójú sókè wo fèrèsé mi.

Kùrukùru òwúrọ̀ bo etí omi. Sàámù sùn sínú ahéré ẹja. Ọlọ́pàá tò yí i ká pẹ̀lú ìbọn, nínú ṣòkòtò péńpé. Ariwo bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ta ló sọ fún wọn pé ibẹ̀ ló wà? Ìgbà wo ni wọ́n débẹ̀? Ẹnìkan pariwo pé ọpurétọ̀ ti fò ó, pé kí wọ́n dá a padà tàbí kí wọ́n dá owó àwọn padà. Géńdé kan dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo rí i tí bẹ́ǹṣì náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tí Alhaji sì ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, agbádá rẹ̀ wà léjìká.

Ìgbà náà ni Bàbá Kéréènì dìde. Ó mú tìmùtìmù rẹ̀, ó fi í sábẹ́ apá.

Gbogbo gbọ̀ngàn rí i. Mo ní ó parí, òórùn pánlá ti ń rùn sí mi nímú. Ṣùgbọ́n bàbá kò gba ọ̀nà ìta. Ó kọjú sí wọn, iná fíìmù ń gba èjìká rẹ̀ kọjá.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Bí wọ́n bá gbé òkú délé, ẹkún kọ́ la kọ́kọ́ ń sun ni? Lẹ́yìn náà kọ́ la ń béèrè ohun tó pa á?"

Ó gbé tìmùtìmù sílẹ̀, ó sì jókòó lé e. Géńdé ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó dìde jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú, nǹkan ń dún. Bàbá Ẹlẹ́ré ti sáré gun òkè, ó ń lu ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, o ti pa mí kí wọ́n tó dalẹ̀ mi!" Mo ti ti ilẹ̀kùn láti inú. Mo sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà, bí mo bá wá ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ mi á kúrò lára maṣíìnì, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ sì máa kú." Ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo yọjú láti ihò ilẹ̀kùn, ó ti jókòó sórí àkàsọ̀, ó na etí sísàlẹ̀.

Kò sí ariwo nísàlẹ̀. Sàámù ṣubú láàárín ẹja yíyan, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ, àwọn obìnrin fi gèlè bo ojú ọmọ. Nígbà tó kú, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sunkún ní tòótọ́.

Sikírù dé pẹ̀lú ìkẹrin. Agolo rẹ̀ ṣì ń rùn fún gọ́ọ̀mù. Mo fi ìka tọ́ gbogbo ibi tí Ọ̀gá Ébí so, ó dúró. Lọ́tẹ̀ yìí mo yí nọ́ńbà kọjá dáadáa. Àmì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, mo pààrọ̀ rẹ̀.

Sàámù tún fara hàn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọ ọwọ́, ó ní kí Ládípọ̀ sún mọ́ oúnjẹ. Ohùn kan jáde láti inú gbọ̀ngàn tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, bí ìgbà tí gbogbo èèyàn fa èémí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó rò pé òkú ló jí. Wọ́n mọ̀ pé àná ni wọ́n gbé wọn padà sí. Àwọn méjèèjì ń bu oúnjẹ nínú àwo kan, Sàámù yọ ẹran tó tóbi jù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Má fún un." Ọkùnrin kan ní, "Sàámù, dìde níbẹ̀." Nígbà tí Ládípọ̀ nu ẹnu tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn mú kí páànù gbọ̀n. Wọ́n ti mọ ẹni tó pa òkú wọn. Mo fò sókè nínú yàrá mi, orí mi lu igi àjà, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Mo fẹ́ kígbe, mo fẹ́ jó, inú mi ń dùn débi pé mo ń bá maṣíìnì sọ̀rọ̀.

Ríìlì kẹfà ò ní wàhálà kankan. Gbogbo wọn ti ń wá Ládípọ̀ kiri. Nígbà tí ẹ̀san bá a, fìlà ọdún fò lọ sókè, bẹ́ǹṣì ò kúrò nílẹ̀.

Iná tàn. Kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá Ẹlẹ́ré sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Bàbá Kéréènì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí, ó gbé e wò lójú iná, ó tún nù ún.

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yẹn pọ̀ jù. Mo ti rí ẹni tí ẹrù já lé lórí ní wọ́ọ̀fù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó ìdajì ti Sàámù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rín in tán. "Wọ́n yìnbọn, wọ́n fi àdá ṣá ara wọn, mi ò mira. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ni mo ti wò. Oúnjẹ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ti kú, ó wá jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yọ ẹran fún ẹni tó pa á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ padà wá lọ́la, kẹ́ ẹ sì mú ẹnìkan dání."

Nígbà tí èrò tú ká, Alhaji ń lọ láti ìlà dé ìlà, ó ń fọwọ́ tẹ bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan wò. Kò sí èyí tó mì. Kò sọ ju pé kí n jẹun kí n tó lọ sílé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé lọ́jọ́ kejì ọdún, ó ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò pánlá pé kí wọ́n wá ibòmíràn lọ. Bàbá Ẹlẹ́ré ló yà mí lẹ́nu jù. Ó wá bá mi lókè, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó bi mí báwo ni mo ṣe fẹ́ to àwọn ríìlì lọ́la. Mo ní bí wọ́n ṣe ṣe é náà ni, ìkẹrin ṣáájú ìkarùn-ún. Ó mi orí pé rárá, bí mo ṣe ṣe é lónìí gan-an ni, kí wọ́n sì sọ fún Ìjọra náà.

Ọ̀gá Ébí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Sikírù kí n tó rí i. Mo rò pé á fi mí ré. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

Ó ní, "White show?"

Mo ní, "Kò hàn, sà."

Ó ní, "Then you don turn operator."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó ti maṣíìnì yẹn lẹ́yìn náà. Mo kọ́ àwọn mìíràn níṣẹ́, mo sì di ojú tiwọn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí fídíò dé tí kálukú ń wo fíìmù ní pálọ̀ ara rẹ̀, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn ọdún 1990 ti wọ̀ dáadáa nígbà tí Alhaji pè mí jókòó, tó sì sọ fún mi láìbínú pé àwọn oníṣòwò pánlá ti tún padà wá. Mi ò bá a jiyàn. Kò sí bẹ́ǹṣì tó fọ́, kò kàn sí ẹni tó ń jókòó lé wọn mọ́ ni.

Lọ́sàn-án tí a fi fíìmù hàn kẹ́yìn, àwọn tó wá ò kún ìlà méjì. Bàbá Kéréènì wà níbẹ̀, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, tìmùtìmù pupa náà ti ṣá. Nígbà tí fíìmù parí, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí Bàbá gbọ́ lẹ́nu mi nípa Sàámù Èbúté, pé bí a ṣe fi í hàn lọ́jọ́ Iléyá yẹn kọ́ ni wọ́n ṣe é.

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí márùn-ún lára aṣọ."

Mo ní, "Ẹ wá gbà pé ó dára, Bàbá?"

Ó wo aṣọ ńlá tó ti di funfun níwájú wa. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹrù tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ kẹ́yìn ni èmi máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo ṣì í. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni bóyá ó balẹ̀ láìfọ́." Ó nawọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. "Tìrẹ balẹ̀."

Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì ń lọ. Mo rí tìmùtìmù lórí bẹ́ǹṣì, mo sáré gbé e tẹ̀ lé e, mo ní Bàbá gbàgbé nǹkan. Ó ní òun ò gbàgbé o. Ó ní bí òun bá fi gbé e jáde lónìí, àwọn èèyàn á ní òun ló pa sinimá.

Tìmùtìmù náà ni mo jókòó lé bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.